Ibi tí Ó Yẹ kí Ráàkì Ẹ̀rọ Ohùn Dúró sí



Ohun tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a óò bi wá léèrè nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n yóò bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ní ibi iṣẹ́ tí a bá rán wa lọ. Díẹ̀ ni ilé ìsìn ńlá tàbí gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní ilẹ̀ wa nísinsìnyí tí kò ní ẹ̀rọ tí ń mú ohùn ròkè. Nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá sì dé ìlú kékeré, ta ni a óò fi í lé lọ́wọ́? Tísà ni. Wọn óò wí pé, “Tísà ni ó mọ̀wé, kí òun máa tọ́jú rẹ̀.” Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó tọ́ kí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ lórí ibi tí ó yẹ kí a gbé ráàkì ẹ̀rọ ohùn sí, kí ọwọ́ ẹni tí yóò tún un ṣe lè dé ibi tí àléébù bá wà.

OHUN TÍ Ó MÚ MI RONÚ

Ní ìgbà tí a rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ìlú kan, àwọn ará ìjọ ibẹ̀ ṣe ìsìn ìrántí fún olórí olùkọ́ wọn àtijọ́ tí ó ti sùn nínú Olúwa. Wọ́n fi mí jókòó ti ẹ̀rọ ohùn, nítorí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti wá. Baba arúgbó kan, tí ó wà nínú àwọn ọmọ tí olóògbé náà kọ́kọ́ kọ́ ní ìwé, dìde láti sọ ohun tí ó rántí nípa rẹ̀. Gbólóhùn méjì péré ni ó sọ tí ohùn fi dákẹ́ ní gbogbo ilé. Mo wo ojú ẹ̀rọ. Iná ń tàn níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ó yí padà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ni àléébù náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kò ṣe é dé. Wọ́n ti ti ráàkì náà mọ́ ògiri pinpin. Àpótí ìwé orin wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, dùùrù sì dí apá òsì. Ọkùnrin mẹ́rin ni ó bá mi gbé dùùrù kúrò. Nígbà tí a sì fa ráàkì síwájú, wáyà mìíràn tí kò gùn tó já mọ́ wa lọ́wọ́.

Nígbà tí a dé ẹ̀yìn níkẹyìn, kí ni a rí? Orí wáyà kan ni ó yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Ògiri ni ó ti ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà síbẹ̀, títí ó fi tú díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọdún méje lè tì í padà sí àyè rẹ̀. Síbẹ̀, ó gbà wá ju ìdajì wákàtí lọ.

Baba náà kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ó fi ohùn tí kò kọjá ìjókòó kejì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì jókòó. Mo ti pinnu láti lọ bá a ní ilé rẹ̀ kí n sì kọ ohun tí ó wí sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń sún un síwájú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni baba náà kú kí ọdún tó parí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi etí sí ohun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń sọ, tí mo sì ń fi ọ̀pá ìwọ̀n wọn ilé tí mo bá wọ̀. Díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́ ni ó tẹ̀ lé èyí.

KÍ NI RÁÀKÌ?

Ráàkì ni férémù irin tí a ń to ẹ̀rọ sí lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ara wọn, bí ìyá wa ti ń to àwo sórí pẹpẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà ti ń lo èyí tí ìbú ojú ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́ 19 ínǹṣì, èyíinì ni 482.6 mìlímítà, ìwọ̀n náà ni gbogbo ayé sì gbà títí di òní. Ní ti gíga, 1.75 ínǹṣì, tàbí 44.45 mìlímítà, ni a kà sí ẹyọ kan, lẹ́tà U ni a sì fi ń kọ ọ́. Ẹ̀rọ tí a kọ 2U sí ga ní 3.5 ínǹṣì. Ráàkì 12U gba ẹ̀rọ tí gíga gbogbo wọn jẹ́ 21 ínǹṣì; ráàkì 42U gba 73.5 ínǹṣì, ó ga ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ.

Àǹfààní tí ó wà nínú ìwọ̀n kan ṣoṣo yìí ni pé ẹ̀rọ tí a ṣe ní Jámánì yóò wọ inú ráàkì tí a ṣe ní Ṣáínà láìsí wàhálà. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a óò tú síkúrù mẹ́rin, a óò fà á jáde, a óò sì fi òmíràn sí ipò rẹ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí pé a kò lè gbádùn àǹfààní yìí bí ọwọ́ kò bá dé ẹ̀yìn, nítorí ojú ẹ̀rọ ni síkúrù wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wáyà wà. Ẹni tí ó ti ráàkì mọ́ ògiri dà bí ẹni tí ó kọ́ ilé tí ó sì fi bíríkì dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

ÀYÈ TÍ Ó YẸ KÍ A FI SÍLẸ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ilé ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó mọ ibi tí ráàkì yóò dúró sí. Àyè mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n.

Èkíní ni àyè iwájú. Ẹ̀rọ tí ó jìn ní 18 ínǹṣì kò lè jáde kúrò nínú ráàkì bí iwájú rẹ̀ kò bá ju 18 ínǹṣì lọ, nítorí pé tààrà ni ó gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ sì fi ara ẹni tí ń fà á kún un. Bí ìjókòó tí a kàn mọ́ ilẹ̀ bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí iwájú ráàkì, a ti há.

Èkejì ni àyè ẹ̀yìn, èyí tí a sábà máa ń gbàgbé. Ìwé òfin iná mọ̀nàmọ́ná ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé àyè iṣẹ́ tí ó wà níwájú ẹ̀rọ iná tí ó lè di dandan láti yẹ̀ wò nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 3, bẹ́ẹ̀ ni ìbú àyè náà kò gbọdọ̀ dín ní 30 ínǹṣì. Òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ wa, kì í sì í ṣe nítorí ráàkì ohùn nìkan ni a ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ara ènìyàn kò yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Nínú ẹsẹ̀ bàtà 3, àgbàlagbà lè kúnlẹ̀, ó lè gbé tọ́ọ̀ṣì dání, ó sì lè tètè yẹra bí nǹkan bá ṣẹ́ iná. Nínú ẹsẹ̀ bàtà 1, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó lè nà wọlé, kò sì ní rí ohun tí ọwọ́ náà ń fọwọ́ kàn. Níbẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí a óò gbà dé ẹ̀yìn náà. Kí ni èrè àyè ńlá ní ẹ̀yìn bí kò bá sí ẹnu ọ̀nà tí a lè gbà wọ̀ ọ́? Kí a má ṣe gbé dùùrù, àga, tàbí àpótí dí i. Kí a sì sọ èyí fún àwọn tí ń gbá ilé ìsìn, nítorí àyè tí ó bá ṣófo ni wọ́n fi ń ṣe ibi ìkẹ́rù.

BÍ ÀYÈ KÒ BÁ TÓ

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò wí pé, “Yàrá ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ wa kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, níbo ni a óò ti rí mẹ́ta fún ẹ̀yìn ẹ̀rọ?” Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àbá mẹ́ta ni mo rí tí ó dára.

A lè fi kẹ̀kẹ́ kéékèèké mẹ́rin sí abẹ́ ráàkì, kí méjì tí ó wà níwájú ní ìdádúró. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá dára, ráàkì yóò súnmọ́ ògiri. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé, a óò fà á síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí wáyà tí ó já mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo wáyà tí ó ti ògiri wá gbọ́dọ̀ gùn tó ìrìn tí ráàkì yóò rìn, kí ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀. A óò ká èyí tí ó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ní rọgbọdọ, láìṣẹ́ ẹ ní ọrùn. Ilẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ tẹ́jú, nítorí kẹ̀kẹ́ kì í kọjá lórí sìmẹ́ǹtì tí ó ti fọ́.

A lè ra ráàkì kékeré tí a kàn mọ́ ògiri, irú èyí tí ó ní àgbékọ́ bí ti ilẹ̀kùn, tí gbogbo ara rẹ̀ ń ṣí kúrò lára ògiri kí a lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí a tó kàn án, a óò mọ apá tí yóò ṣí sí, kí igun ilé má baà dá a dúró ní agbedeméjì. Ògiri náà sì gbọ́dọ̀ lè gbé ìwúwo rẹ̀. Ògiri amọ̀ tàbí ti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò tó o gbé.

A sì lè yí ráàkì padà kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kọjú sí ògiri, kí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa wo inú yàrá. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Àwọn kan yóò wí pé kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kàfíńtà lè fi pákó ṣe ìbòjú tí a lè ṣí, bí ojú kò bá fẹ́ rí wáyà.

OORU, ERUKU ÀTI ÀWỌN ẸRANKO KÉKERÉ

Ìdí mìíràn wà tí àyè fi pọn dandan. Àmpílífáyà, ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún ohùn, ń mú ooru jáde. Nínú irú ti àtijọ́, ohun tí ó tó ìdajì agbára iná tí ó ń jẹ lè di ooru lásán. Irú ti ìsinsìnyí tí à ń pè ní onílẹ́tà D kì í fi iná ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Ooru kì í pa ẹ̀rọ ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀yà kékeré tí ń pa iná mọ́ sínú, tí à ń pè ní kàpásítọ̀: bí ooru rẹ̀ bá fi 10 dígíríì ti Celsius lọ sókè, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò dín kù sí ìdajì. Nítorí náà, kí a má ṣe ti ráàkì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò, kí a má sì ta aṣọ bò ó nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Kí a tún wo ibi tí fáànù ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ sí. Òmíràn ń fa atẹ́gùn láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, òmíràn sì ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Bí a bá to irú méjèèjì pọ̀ láìwòye, ooru ti ọ̀kan ni èkejì yóò máa fà sínú.

Ní ìgbà ọyẹ́, láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, eruku a máa wọ gbogbo ihò. Ó ń bo fáànù, ó sì ń dí ojú asẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá lè dé ẹ̀yìn láti nu eruku, ooru yóò ga sí i. Eku ń jẹ ara wáyà, èèrà ń kó ilé sínú àpótí ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọnílé ń wọ inú rẹ̀ nítorí pé ó móoru, bí ó bá sì fara kan ibi méjì tí iná wà lẹ́ẹ̀kan náà, òun àti ẹ̀rọ ni yóò jọ lọ. Ẹni tí ó lè rí ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀ lóṣooṣù yóò tètè mọ ohun tí ó ń lọ níbẹ̀. Ní ìparí, kí a má ṣe gbé ráàkì sí abẹ́ ibi tí òrùlé ń jò, tàbí abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí omi ń kán lára rẹ̀, tàbí ẹ̀bá fèrèsé tí òjò ń fẹ́ wọ̀.

BÍ A ÓÒ TI TO INÚ RẸ̀

Ohun tí ó wúwo jù lọ ni kí ó wà ní ìsàlẹ̀, kí ráàkì má baà ṣubú lu ẹni tí ń fà á. Èyí tí a ń fọwọ́ kàn nígbà gbogbo, bí èyí tí ń gba ohùn máíkì aláìní-wáyà, kí ó wà ní ọ̀gangan ojú àti ọwọ́.

Ní ẹ̀yìn, kí wáyà iná gba ẹ̀gbẹ́ kan sọ̀kalẹ̀, kí wáyà ohùn sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Iná wa ń yí ọ̀nà rẹ̀ po ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí wáyà ohùn bá bá a rìn pọ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ohùn yẹn yóò wọ inú rẹ̀, a óò sì máa gbọ́ kíkùn bí ti oyin nínú sípíkà. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ kọjá lórí ara wọn, kí wọ́n dábùú ara wọn bí igi àgbélébùú.

Kí a kọ orúkọ sí orí wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ̀kun méjèèjì: “Máíkì ìwàásù,” “Sípíkà apá ọ̀tún,” bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a ya àwòrán bí wọ́n ti so pọ̀ sórí ìwé, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn ráàkì. A kò mọ ẹni tí yóò jókòó ti ẹ̀rọ náà lẹ́yìn wa. A lè gbé wa lọ sí ibòmíràn ní oṣù kìíní ọdún, kí tísà tuntun dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ìsìn sì wà ní ọjọ́ kejì.

ÀÀBÒ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí. Iná 230 fólìtì tí à ń lò lè pa ènìyàn. Kí a tó na ọwọ́ sí wáyà iná ní ẹ̀yìn ráàkì, kí a pa á níbi tí ó ti ń wá, kí a sì yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Nítorí náà, ihò iná tí ó wà lára ògiri pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ lè dé láìkọ́kọ́ gbé ráàkì kúrò. Bí a tilẹ̀ ti yọ ọ́, iná ṣì lè kù nínú kàpásítọ̀ àmpílífáyà fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà iṣẹ́ tiwa kò kọjá wáyà àti ojú ẹ̀rọ. Oníṣẹ́ tí ó kọ́ ọ ni kí ó ṣí àpótí rẹ̀.

Mo ti rí ibi tí wọ́n gé ẹsẹ̀ kẹta orí wáyà iná, èyí tí ń lọ sí ilẹ̀, kí kíkùn sípíkà lè dákẹ́. Ẹ má ṣe é láé. Ẹsẹ̀ yẹn ni ó ń mú iná lọ sínú ilẹ̀ bí ara ẹ̀rọ bá gba iná. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ọmọ tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ráàkì ni iná yóò gbà kọjá.

Bí a bá sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ráàkì nítorí àwọn ọmọdé, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹni méjì ó kéré tán mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà wà.

ÌPARÍ

Ní ìlú tí mo sọ nípa rẹ̀, àwọn àgbà ìjọ gbà kí èmi àti kàfíńtà kan yí ráàkì padà ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìn náà. A gbé àpótí ìwé orin lọ sí ẹnu ọ̀nà, a sún dùùrù, a sì fi ẹ̀gbẹ́ ráàkì kọjú sí ògiri. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ó gbà wá, ìṣó àti pákó díẹ̀ nìkan ni a sì ra. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ohùn tún dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan. Ọmọkùnrin kan láti kíláàsì kẹfà tẹ̀ lé mi lọ sí ẹ̀yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, a ka orúkọ tí a kọ sára wáyà, a sì ti èyí tí ó tú padà kí wọ́n tó kọ orin tí ó wà lẹ́nu wọn tán. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo rántí baba náà.

Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, nítorí ojú ni ó ń dán. Ẹni tí ó fẹ́ràn àwọn tí yóò lò ó lẹ́yìn òun ni ó ń ro ti ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí kò jìnnà sí iṣẹ́ tí a wá kọ́ níhìn-ín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ó BÁ FẸ́ DÁN ARA WỌN WÒ

1. Ráàkì kan gba 16U. Ínǹṣì mélòó ni gíga gbogbo ẹ̀rọ tí ó lè gbà?
2. Yàrá kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Ráàkì inú rẹ̀ jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ ní ẹ̀yìn, èló ni yóò kù ní iwájú? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ tí ó jìn ní 18 ínǹṣì lè jáde?
3. Ẹ mú ọ̀pá ìwọ̀n, kí ẹ wọ gbọ̀ngàn tàbí ilé ìsìn tí ó súnmọ́ yín jù lọ. Bí orí wáyà kan bá yọ ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ ibẹ̀ ní àárín ìwàásù, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà yín láti dé ibẹ̀?